Ìlera Ìdílé: Ẹ̀jẹ̀ Apá Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀bẹ

Lóṣù yìí, ẹ̀yin ọkùnrin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ìyàwó yín ni yóò kọ́kọ́ kà á, nítorí náà gbogbo ilé ni mò ń bá sọ ọ́. Ẹ má gba ìwé yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ síbí tí ọmọ ọdún 14 kò tíì gbọ́ níléèwé, bóyá lọ́nà tó burú ju èyí lọ.

Arábìnrin kan dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn láìpẹ́ yìí. Ọkọ rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí kó lọ ṣe àyẹ̀wò prostate, ó kọ̀ jálẹ̀. Èsì tó fún un ni pé, "Bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn mí níbẹ̀, wọ́n á gé e. Bí wọ́n bá sì ti gé e, èmi kì í ṣe ọkùnrin mọ́." Arábìnrin náà rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Mo ti gbọ́ irú èsì yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ bàbá, lẹ́nu iṣẹ́ àti nínú ìjọ, mo sì ti wá mọ̀ pé àyẹ̀wò kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká wò ó: láàárín ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà lápá àti ọ̀bẹ tí bàbá ń bẹ̀rù, ìgbésẹ̀ mélòó ló wà, kí sì ni àwọn oníwàádìí ti rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Prostate jẹ́ ẹ̀yà ara kékeré kan tí ọkùnrin ní. Ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká bí òrùka. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò ju awùsá kan lọ. Òun ló ń ṣe díẹ̀ nínú omi tí àtọ̀ fi ń rìn. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ló ń tóbi sí i, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ bàbá dìde lẹ́ẹ̀mẹta lóru lọ tọ̀. Títóbi yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá ìta prostate, níbi tí kò ti tíì fún ọ̀nà ìtọ̀ pa, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pariwo ní ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá tó ń sọ pé "mò ń tọ̀ dáadáa, kò sóhun tó ṣe mí" kò tíì sọ ohunkóhun nípa jẹjẹrẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ọkùnrin 1 nínú 8 ni yóò ní jẹjẹrẹ yìí láyé rẹ̀. Ti aláwọ̀ dúdú, 1 nínú 4 ni. Ẹ wo ìjókòó ẹgbẹ́ ọkùnrin lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ ka orí mẹ́rin mẹ́rin. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí àkọsílẹ̀ ìlera ní England, tó jáde ní 2015, ló jẹ́ kí a mọ èyí. Ó ní aláwọ̀ funfun 1 nínú 24 ni àìsàn náà ń pa, aláwọ̀ dúdú 1 nínú 12. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan tí a kì í sábà gbọ́: nínú àwọn tí wọ́n bá ti rí i lára wọn, nǹkan bí 1 nínú 3 ló ń pa, ìbáà jẹ́ dúdú tàbí funfun. Ìyàtọ̀ náà wà nínú iye àwa tó ń mú. Kò sẹ́ni tó tíì lè sọ ìdí rẹ̀ tán. Ohun tí mo lè sọ ni pé kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀san ìṣekúṣe ìgbà èwe, bí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí.

Ó yá, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni. PSA ni wọ́n ń pe èròjà kan tí prostate ń ṣe, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń jò wọnú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ lápá, ó parí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ bọ́ ṣòkòtò. Ìka tí dókítà fi ń yẹ ìdí wò, èyí tí àwọn bàbá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n sì tún ń sá fún, kì í ṣe dandan kí wọ́n tó ṣe PSA. Bí dókítà bá dábàá rẹ̀, ẹ lè sọ pé ẹ kò fẹ́, kí ẹ ṣì ṣe ti ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú, kí tọkọtaya má ṣe bá ara wọn lò pọ̀, kí bàbá má sì gun kẹ̀kẹ́ tàbí ṣe eré ìdárayá tó le. Bí kòkòrò àrùn bá wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, kí ó tọ́jú ìyẹn ná, kí ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ 6. Gbogbo ìwọ̀nyí lè gbé PSA sókè láìsí jẹjẹrẹ kankan.

Mi ò ní tàn yín: PSA kì í ṣe wòlíì. Nínú ọkùnrin 4 tí tiwọn ga, nǹkan bí 3 ni kò ní jẹjẹrẹ. Nínú ọkùnrin 7 tí tiwọn kò ga, ó ṣeé ṣe kí 1 ní in. Ìdí nìyí tí ìjọba kò fi máa ń kọ lẹ́tà sí gbogbo ọkùnrin láti wá ṣe é, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí obìnrin fún àyẹ̀wò ọmú. Ẹni tó bá fẹ́ ló ń béèrè. Ọkùnrin tó bá ti pé 50 lè béèrè lọ́wọ́ GP rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jíròrò àǹfààní àti àléébù rẹ̀. Ẹgbẹ́ Prostate Cancer UK gba aláwọ̀ dúdú níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú GP láti ọdún 45. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de lẹ́tà, lẹ́tà kankan kò bọ̀.

Bí PSA bá wá ga ńkọ́? Ibí yìí ni nǹkan ti yí padà jù, ibí yìí gan-an sì ni ìròyìn tí ọ̀pọ̀ bàbá ń gbé kiri ti di ti àtijọ́. Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn. Wọ́n á gba ìdí wọlé, wọ́n á bu ẹran ní nǹkan bí ibi 10 sí 12 nínú prostate, láìmọ ibi tí àìsàn wà gan-an. Ó dà bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà nígbà tí NEPA ti múná lọ. Ó lè ṣa títí kó má kan òkúta ńlá tó wà nísàlẹ̀ abọ́, kó wá kó wẹ́wẹ́ tí kò lè pa eyín ẹnikẹ́ni lára. Bí àwọn kan ṣe gba iṣẹ́ abẹ tí wọn kò nílò nìyẹn, tí àwọn mìíràn sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́.

Àwọn dókítà ilẹ̀ yìí wá bi ara wọn pé, bí a bá tan iná ná ńkọ́? Iná náà ni MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara. Ìwádìí kan tí wọ́n pè ní PROMIS, tó jáde ní 2017, kó ọkùnrin 576 jọ. Gbogbo wọn ya àwòrán MRI, wọ́n gba abẹ́rẹ́ àtijọ́, wọ́n sì tún gba abẹ́rẹ́ mìíràn tó yẹ gbogbo prostate wò fínnífínní, kí a lè mọ èyí tó sọ òótọ́ nínú méjèèjì. Nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ tó lágbára, MRI rí 93. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ rí 48. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Ọdún kejì ni èkejì jáde, PRECISION lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin 500 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe MRI fún apá kan ṣáájú abẹ́rẹ́, wọ́n sì ṣe ti àtijọ́ fún apá kejì. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe MRI, 28 ni kò gba abẹ́rẹ́ rárá, nítorí àwòrán wọn mọ́. Síbẹ̀, jẹjẹrẹ tó lágbára tí wọ́n rí pọ̀ ju ti apá kejì lọ, 38 sí 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Wẹ́wẹ́ tí kò yẹ kí a dà láàmú sì dín kù, 9 sí 22. Láti 2019 ni NICE, àwọn tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún ilé ìwòsàn ìjọba, ti ní kí MRI ṣáájú fún ẹni tí wọ́n bá fura sí i pé jẹjẹrẹ náà kò tíì kúrò lójú kan. Nítorí náà, bí bàbá kan bá sọ ohun tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí ní 2009 fún yín, ẹ bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìwọ̀n.

Ká wá ní wọ́n rí jẹjẹrẹ. Ṣé ọ̀bẹ ti dé nìyẹn? Ó lè má dé rárá. Ìwádìí kan wà tí ń jẹ́ ProtecT. Ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì jáde kúrò nínú prostate gbà kí wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: kí wọ́n máa ṣọ́ apá kan, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan, kí wọ́n lo ìtànṣán fún àwọn yòókù. Àbájáde ọdún 15 jáde ní 2023. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 97 ni jẹjẹrẹ náà kò pa, apá yòówù kí wọ́n wà. Ṣíṣọ́ kì í ṣe ìpatì o. PSA léraléra ni, pẹ̀lú àyẹ̀wò mìíràn bó bá yẹ, bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Bó bá fẹ́ ru, wọ́n á gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Àmọ́ ohun kan ń dùn mí nípa ProtecT. Aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. A kò lè mú 97 náà lódindi kí a ní tiwa ni. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ìwádìí tuntun tí Prostate Cancer UK dá sílẹ̀, TRANSFORM, tí wọ́n fẹ́ kí ó kó ọkùnrin tó tó 300,000 jọ láti mọ ọ̀nà àyẹ̀wò tó dára jù. Wọ́n ti ní kí ó kéré tán 1 nínú 10 àwọn tí wọ́n bá pè jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹnikẹ́ni kò lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ń fi pe ènìyàn. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wọlé yín, ẹ má jù ú pọ̀ mọ́ ìwé ìpolówó pizza. Bí a kò bá sí nínú ìwádìí, èsì rẹ̀ kò ní mọ̀ wá.

Mo ti wá dé ibi tí bàbá ti ń dúró dè mí. Ṣé ìtọ́jú lè sọ ọkùnrin di akúra? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ ń purọ́. Àwọn ProtecT bi àwọn ọkùnrin wọn ní ìbéèrè yìí gan-an. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, 67 nínú ọgọ́rùn-ún ní nǹkan ọkùnrin àwọn ń le tó fún ìbálòpọ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ó ti wálẹ̀ sí 12 lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, 22 lára àwọn tó gba ìtànṣán, 52 lára àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ní ọdún kẹfà, àwọn iṣẹ́ abẹ jẹ́ 17, àwọn ìtànṣán 27, àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ náà ti wálẹ̀ sí 30. Ẹ rí i pé ti àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ pàápàá wálẹ̀. Ọjọ́ orí ń gba tirẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì padà gba ìtọ́jú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Bàbá tó kọ̀ láti ṣe àyẹ̀wò kí ọkùnrin rẹ̀ má baà bàjẹ́, bí jẹjẹrẹ bá wà lára rẹ̀ tó sì ti tàn dé egungun kí wọ́n tó rí i, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún un ni èyí tó ń dá họ́mónù ọkùnrin dúró pátápátá. Kì í ṣe pé nǹkan kò ní le nìkan. Ìfẹ́ rẹ̀ gan-an á lọ, ara á máa gbóná lójijì bíi ti obìnrin tó ń wọ ìgbà àìríǹkan-oṣù mọ́, ọmú lè tóbi. Ohun tó ń sá fún ló ń sá lọ bá. Ẹni tí wọ́n tètè rí tirẹ̀ ló ní ohun tó lè yàn: kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, tàbí kí oníṣẹ́ abẹ gbìyànjú láti dá àwọn iṣan tó ń mú nǹkan le sí, iṣẹ́ tí dókítà Patrick Walsh ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ní Amẹ́ríkà láti 1982. Oògùn oníhóró, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá, àti abẹ́rẹ́ tún wà fún ìrànlọ́wọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ béèrè wọn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, kí ìyàwó sì jókòó síbẹ̀.

Àwọn kan wà tí prostate wọn kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tí yàrá ti dákẹ́. Bàbá á ní iṣẹ́ ló ń rẹ òun. Ìyàwó á máa rò pé ó ní ẹlòmíràn níta. Ẹnì kan á dárúkọ jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á ra àgbo inú ike láti ọjà wá, tàbí kí wọ́n ra hóró oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin ará, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí nǹkan ọkùnrin kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Èyí tó ń bọ́ ọkàn jẹ́ 3 sí 4. Bí ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá ń ba òpó jẹ́ káàkiri ara, èwo ni yóò kọ́kọ́ dí? Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ọkàn fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìkìlọ̀. Ọkùnrin lè kọ́kọ́ kíyè sí i ní yàrá, kí àyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó ń fi àgbo wá agbára ní yàrá lè máa fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀.

Tí ẹ bá sọ ọ́ fún GP, kò ní rẹ́rìn-ín. Ó á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì lè ní kí ẹ wá láàárọ̀ kùtùkùtù fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn họ́mónù ọkùnrin, nítorí àárọ̀ ló máa ń ga. Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ló fà á, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Mo ti rí rọpárọsẹ̀ tó tìdí ìyẹn wá. Sildenafil, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Viagra, wà lọ́dọ̀ onímọ̀ oògùn ní ilẹ̀ yìí láìsí ìwé dókítà láti 2018, ṣùgbọ́n onímọ̀ oògùn á kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ó sì nídìí. Ẹni tó ń fi oògùn GTN sábẹ́ ahọ́n fún àyà dídùn kò gbọ́dọ̀ lò ó. Méjèèjì pọ̀ lè já ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ débi tí ènìyàn á fi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, tiyín kúrú. Jẹjẹrẹ prostate kọ́ ni tiyín báyìí. Èyí tó ń mú ọkùnrin láàárín ọdún 15 sí 49 jù ni ti kóró ẹpọ̀n. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa dúdú tó ti àwọn funfun, ó sì ń gbọ́ ìtọ́jú dáadáa bí a bá tètè rí i. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́yìn tí o bá fi omi gbígbóná wẹ̀, rọra fọwọ́ yẹ méjèèjì wò. Bí o bá kan kókó tàbí tí ọ̀kan bá wú, sọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́ gidi lójijì, má dúró di àárọ̀, má wá ìdí rẹ̀ lórí fóònù: ó lè jẹ́ pé ó ti lọ́. Wákàtí 6 àkọ́kọ́ ló dára jù láti gbà á là. Jí ìyá rẹ, kí ẹ gba A&E lọ. Kò ní bá ọ wí.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ náà nìyẹn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti lọ bá GP, bí kò tilẹ̀ dun yín, bó tilẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì. Ó lè jẹ́ àpò ìtọ̀, ó lè jẹ́ kíndìnrín. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀, sìgá ló ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ jù.

Àwọn kan á ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àdúrà. Mo ń gbàdúrà, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọba Hesekáyà ń ṣàìsàn dé ojú ikú tó sì sunkún sí Ọlọ́run, Ọlọ́run gbọ́, wòlíì Àìsáyà náà sì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nínú ìtàn kan náà ni àdúrà àti ìtọ́jú wà, kò sì sí èyí tó ń bá èkejì jà.

Ohun kan ló kù tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kò ná yín ju owó fóònù lọ. Ẹ pe ilé. Ẹ béèrè ohun tó pa bàbá yín, àti àwọn arákùnrin bàbá yín. Wọ́n lè má dárúkọ jẹjẹrẹ. Wọ́n á ní ìtọ̀ há a, wọ́n á ní ẹ̀yìn àti ìbàdí ló ń dùn ún títí kò fi lè rìn mọ́, wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ọdún tó wà nígbà náà. Ẹ béèrè bóyá obìnrin kankan nínú ẹbí ní jẹjẹrẹ ọmú, nítorí àwọn méjèèjì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan náà wá. Ọkùnrin tí bàbá tàbí arákùnrin rẹ̀ ní jẹjẹrẹ prostate, ewu tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan, kí ẹ mú un lọ. Bí ẹni tó gbé fóònù ilé iṣẹ́ GP bá béèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ rí dókítà, ẹ ní ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò PSA ni; ẹ kò jẹ ẹ́ ní àlàyé mìíràn. Bó bá jẹ́ dókítà ọkùnrin lẹ fẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́.